Nicanor Ni Wọ́n Ń Pè Nínú Rédíò

Òháyò,
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 1993

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú, nítorí láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Ṣé ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti ń rọlẹ̀? Ṣé Tomasina ará ilé kejì ṣì ń já ata yín? Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo ní olè ni.

Màmá, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfigigbá wa ti dojú rú. Nínú ogún ìdíje tí a gbá kẹ́yìn, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti nà wá. Àwọn òǹwòran ti ń fi àpò bébà bo orí wá sí pápá, torí ojú ń tì wọ́n pé ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ ni tiwọn. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Tolliver, ọ̀gá tó ń gba agbábọ́ọ̀lù wọlé tó sì ń lé wọn jáde, pe àwa àgbà mẹ́rin sí ọ́fíìsì. Ó ní òun fẹ́ wó ẹgbẹ́ yìí palẹ̀ kí òun tún un kọ́. Ó fẹ́ fi wá ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, tí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n.

Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ náà? Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tí mo ń fi ìka sọ fún ajubọ́ọ̀lù irú èyí tó máa jù. Ọmọ kan wà tó ń jù fún wa báyìí, Wendell lorúkọ rẹ̀. Apá rẹ̀ le, àmọ́ tí ẹ̀rù bá ti bà á, bọ́ọ̀lù lè lọ síbikíbi. Èmi ni mo máa ń rìn lọ bá a, tí mo máa ń bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sè lánàá, títí á fi rẹ́rìn-ín. Ṣé ọmọ ọdún méjìdínlógún ló máa ṣe ìyẹn fún un?

Wọn ò lè gbé mi lọ síbì kankan láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Òfin líìgì ni: ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá, tó sì lo márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin lẹ mọ bọ́ọ̀lù ju Tolliver lọ.

Ọmọ yín,
Nicanor


Consuelo, San Pedro de Macorís,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ọdún 1993

Eligio ọmọ mi,

Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ Nicanor sí ọ, ó ti sú mi. Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì, mo sì mọ èyí tó kù nínú yín.

Ẹsẹ̀ mi ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tomasina ní òun ò já ata kankan, pé afẹ́fẹ́ ló ń já a. Ó ní ìwọ gan-an jí màngòrò rẹ̀ kí o tó lọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Nicanor àbúrò rẹ nígbà tó kú. Ọdún kejì ni àwọn òyìnbó wá wo bọ́ọ̀lù ní pápá ilé iṣẹ́ ṣúgà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n àwọn ò mú ẹni tó bá ti ju méjìdínlógún lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ́. A ò tíì lọ sọ ikú àbúrò rẹ ní ọ́fíìsì ìjọba, ni mo bá gbé ìwé ìbí rẹ̀ fún ọ. Kì í ṣe àwa nìkan, ilé tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Consuelo yìí pọ̀, kò sì sẹ́ni tó tú àṣírí ẹnì kejì. Mo rò pé ọdún méjì ni. Mo rò pé wọ́n á dá ọ padà.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí nìyí. Ní ọ̀sán, bí rédíò ṣọ́ọ̀bù Gaspar bá ti pariwo pé "Nicanor Candelario!", ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi á ṣí. Mo lè máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo lè máa ṣa ẹ̀wà. Mi ò ní rí ẹnì kankan, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ń yára, bó ṣe máa ń sáré wọlé tí mo bá pè é. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí. Bí rédíò bá ti dákẹ́, á yí padà. Wọ́n ń pè é, ọmọ náà ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó ní nǹkan bá a sọ.

Ní ti ẹgbẹ́ rẹ, Tolliver jàre. Ìwọ náà ti gé ìrèké rí. Tí a bá ti gé e lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kùkùté rẹ̀ kì í lómi mọ́. O lè da ajílẹ̀ sí i títí ọ̀la, igi lásán ló máa hù. Ṣe la máa ń hú u, tí a máa ń gbin tuntun, tí a sì máa ń fi ebi dúró dè é. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni ọ́, kì í ṣe márùndínlógójì tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn. Má fọwọ́ sí ìwé kankan. Sọ fún wọn pé ó tó, kí o máa bọ̀ wálé. Ọjọ́ tí o bá dé ni màá lọ sọ fún ìjọba pé Nicanor ti kú, kí wọ́n yéé pè é.

Ìyá rẹ,
Eufemia


Òháyò,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, ọdún 1993

Màmá,

Ẹ kú ilé. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ dákun, ẹ má kọ orúkọ yẹn sórí bébà mọ́! Ẹni tó ń pín lẹ́tà fún wa ní yàrá ìmúra gbọ́ èdè wa dáadáa, ó sì fẹ́ràn láti máa yọjú. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ìwé ìwọ̀lú lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú gbogbo ìwé ìròyìn.

Ẹ ní kí wọ́n hú mi bí ìrèké. Ẹ ṣeun o. Mo gbé lẹ́tà náà sínú àpò kí n tó wọ pápá, mo sì lóṣòó fún wákàtí mẹ́ta, mò ń ro ìrèké.

Nǹkan tuntun ti dé. Ẹgbẹ́ Apẹja, ní etí òkun Kalifóníà, ni wọ́n fẹ́ mi. Àwọn ló wà lókè tábìlì. Ẹni tó ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù fún wọn bíi tèmi fi ìka ṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fún Tolliver ní ọmọ kékeré méjì dípò mi. Màmá, ọdún mẹ́tàlá ni mo ti wà nínú líìgì ńlá yìí, mi ò tíì gbá bọ́ọ̀lù oṣù kẹwàá rí, tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó dára jù nìkan ló ń gbá a. Gbogbo ọdún ni mo máa ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n bí aláìní tó ń wo ilé ọlọ́jà.

Ẹ ní Nicanor ń wá sílé. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ìwé yẹn. Ẹ jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi kọfí lé mi lọ́wọ́, ẹ ní, "Láti òní lọ, Nicanor ni ọ́." Ẹ ò bi mí bóyá mo fẹ́. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹ̀yin sì ń lọ aṣọ mi.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni pàṣípààrọ̀ parí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, lọ tàbí má lọ. Ohun tí ẹ bá wí ni màá ṣe. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá fọwọ́ sí i.

Ọmọ yín,
N.


Consuelo,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ọdún 1993

Eligio,

Má lọ.

Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí n má baà gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́fà ni lẹ́tà rẹ fi wà lórí tábìlì tí mi ò ṣí i, nítorí mo ti rí i lára àpò ìwé pé inú ń bí ọ, bí o ṣe fi kálámù tẹ bébà. Mo ní kí inú tèmi náà rọ̀ ná. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí o pe fóònù ṣọ́ọ̀bù Gaspar, mo ní kó sọ fún ọ pé mi ò sí nílé. Mo wà nílé. Irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ni èèyàn ń pariwo láàárín àwọn tó ń ra epo.

Òtítọ́ ni, mi ò bi ọ́ bóyá o fẹ́. Mo sin ọmọ kan lọ́dún kan, mi ò fẹ́ kí oko ìrèké pa èkejì. Mo gbọ́ tí o ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ń lọ aṣọ rẹ kí ọwọ́ mi lè ríṣẹ́ ṣe.

Mo lọ bá Fadá Basilio, tí kò tíì dé ìlú yìí nígbà tí àbúrò rẹ kú, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kó bá mi ṣe Máàsì fún Nicanor. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Doña Eufemia, kí ló ṣe é? Ṣebí mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Àìkú." Mo ní kó gbàdúrà fún ìlera rẹ̀ ni. Ó sì ṣe é, lójú gbogbo ìjọ: ó bẹ Ọlọ́run pé kí Nicanor Candelario pẹ́ láyé, kó má rí ikú òjijì. Gbogbo wọn ní àmín. Àwọn tó gbé pósí rẹ̀ gan-an ní àmín. Mo jáde kó tó parí.

Máa bọ̀ wálé. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Eufemia


Kalifóníà,
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ọdún 1993

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dúró dè yín títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe fóònù Gaspar. Mo fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, òní sì ni wọ́n fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi láti Òháyò. Mo ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo sì jókòó sórí ilẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀, Màmá. Dókítà ẹgbẹ́ tuntun tẹ orúnkún mi, ó ní, "Arákùnrin, orúnkún ẹni ogójì ọdún nìyí!" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, òógùn sì bò mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wendell sunkún nígbà tí mò ń kó ẹrù mi. Ọmọ náà ní, "Ta ló máa wá bi mí pé kí ni ìyá mi sè?" Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkùnrin kì í sunkún nítorí oúnjẹ, àmọ́ mo lọ sunkún tèmi nínú ilé ìwẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Akọ̀ròyìn kan ń bọ̀ wá sí Consuelo láti ìlú yìí, Pruitt lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kọ ìtàn ibi tí mo ti wá. Mi ò lè dá a dúró. Ẹ fún un ní kọfí, ẹ fi fọ́tò hàn án, kó máa lọ. Ẹ má jẹ́ kó dé itẹ́ òkú. Ẹ rántí pé orúkọ mi ló wà lórí àgbélébùú yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ẹ̀rù ń bà wá kí aṣojú ẹgbẹ́ má lọ rí ibi tí a sin Nicanor sí, ni ẹ bá ní kí káfíńtà kọ Eligio síbẹ̀. Mi ò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà náà. Mi ò lè wò ó.

Ọmọ yín,
N.


Consuelo,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, ọdún 1993

Ọmọ mi,

Ó wá. Ọkùnrin pupa gíga kan ni, ọmọlúàbí, pẹ̀lú ògbufọ̀ ará Puerto Rico. Ó jẹ mangú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gún, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó kù díẹ̀ kó máa lọ, ni Tomasina tó wá jókòó láti wo òyìnbó bá ya ẹnu pé, "Ó mà ṣe o, ọmọ tó kú yẹn náà ì bá gbádùn." Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ọkùnrin náà ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin ín sí. Tí mo bá kọ̀, ó máa fura. Mo mú un lọ.

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Màmá, ta ni Eligio?"

"Ọmọ mi ni. Ẹ̀gbọ́n Nicanor."

"Ó ti kú?"

Mo wo Tomasina. Tomasina ń wolẹ̀.

"Ó ti kú," mo ní. "Eligio ti kú."

"Kí ló pa á?"

Mo sọ fún un bí àdá ìrèké ṣe gé e lẹ́sẹ̀, bí eyín rẹ̀ ṣe dì pa tí kò lè la ẹnu mu omi, bí mo ṣe gbé orí rẹ̀ lé itan títí ó fi lọ. Bí àbúrò rẹ ṣe kú ni mo sọ, orúkọ rẹ ni mo fi sọ ọ́. Ó bi mí bóyá Eligio mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo ní ó mọ̀ ọ́n gbá, Ọlọ́run mi, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó o ní ìgboro yìí. Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ tó ń wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ti yí padà. Kò sáré mọ́. Ó ń wọ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ orúnkún tó ń ró bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn méjèèjì. Mo mọ ẹni tó lórúnkún yẹn. Ẹnu mi ni mo fi sọ pé o ti kú, lórí ibojì, lójú ẹlẹ́rìí. Ṣé ara rẹ le? Kọ̀wé kíákíá. Kódà bí ìlà kan ni.

Ìyá rẹ,
Eufemia


Kalifóníà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 1993

Màmá mi,

Ara mi le. Ẹ má bẹ̀rù, ara mi le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ ti jáde. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi Eligio ló yẹ kó wà níbi tí mo wà, pé oko ìrèké pa á, pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìlú sunkún. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jáde sí pápá, mo sì rí i: Eligio, Eligio, Eligio, lórí páálí, lórí aṣọ, àwọn ọmọdé gbé e sókè. Ẹgbẹ́ rán lẹ́tà E dúdú mọ́ apá aṣọ wa méjèèjì, gbogbo ẹni márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn dákẹ́ nítorí mi, Màmá, èmi náà sì dúró láàárín wọn, mo ṣí fìlà.

Láti ọdún méjìdínlógún, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ mi ní gbangba. Nígbà tí mo lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, gbogbo wọn pariwo rẹ̀. Mo fẹ́ dáhùn. Ẹnu mi ti là. Mo sáré yí pápá po padà síbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ó ń wò ọ́ láti ọ̀run," mo sì gbé ìka sókè ọ̀run, nítorí ohun tí wọ́n ń retí nìyẹn. Láti ìgbà náà oúnjẹ kò wọnú mi.

A ń borí. A máa gbá bọ́ọ̀lù oṣù kẹwàá. Ohun tí mo wá nìyẹn, mo sì rò pé inú mi á dùn ju báyìí lọ. Wendell kọ̀wé sí mi. Ó ní àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ti fìdí rẹmi nígbà mọ́kànlá léraléra, àmọ́ ìkankan nínú wọn kò bẹ̀rù mọ́, àwọn òǹwòran sì ti bọ́ àpò bébà kúrò lórí. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ó yẹ kí n ti kúrò lórí ebè yẹn tipẹ́, kí n sì máa bọ̀ wálé.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Tí lẹ́tà yìí bá dé, ẹ dúró sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an. Kí ẹnì kan pè é fún alààyè, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọmọ yín,
Eligio


Consuelo,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 1993

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ le. Má bínú pé mi ò kọ orúkọ sókè. Mo mú kálámù, mi ò mọ èyí tí màá kọ.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, rédíò Gaspar dákẹ́ nítorí iná lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra mi, mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo pe Eligio. Mo pè é bí mo ṣe máa ń pè ọ́ tí oúnjẹ bá jinná.

Ó dáhùn. Ó ní, "Màmá."

Ohùn rẹ kọ́ ni. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, tí ọ̀fun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mo mọ ohùn náà, èmi ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn kí eyín rẹ̀ tó dì. Mo ní, "Nicanor?" Kò sí nǹkan kan. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò mì. Mo tún pe Nicanor lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń pe àlejò. Mo wá pe Eligio, ó sì ní, "Màmá, èmi nìyí."

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń lọ tu koríko lórí ibojì àbúrò rẹ, tí mò ń ka Eligio sí i létí. Ó ti gbà á. Ó ti di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi ti ń rò pé ó ń bọ̀ wá béèrè orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìgbà yẹn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún títí Tomasina fi wá mú mi wọlé. Mi ò ní lọ sí ọ́fíìsì ìjọba mọ́. Mi ò mọ ẹni tí màá sọ fún wọn pé ó kú.

Gbá bọ́ọ̀lù oṣù kẹwàá rẹ. Màá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń pe Nicanor, màá mọ̀ pé ìwọ ni, màá sì máa gbàdúrà fún orúnkún rẹ. Jẹun. Mo ní kí o jẹun.

Tí o bá ti parí, máa bọ̀ wálé. Kọ ọjọ́ àti wákàtí tí o máa dé sínú lẹ́tà, má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí o gbà. Má gba ti ẹ̀yìn, ọmọ mi, nítorí tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní mọ̀ pé ìwọ ni.

Ìyá rẹ,
Eufemia